Jack Parsons, Ẹni tí ó Fi Ọ̀dà Títì Po Ẹ̀tù Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí lójú ìwé báyìí ni ìtàn akéwì kan, tàbí ti jagunjagun kan tí ó ja ogun Kírìjì. Ẹ foríjì mí. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ó ti kú láti ọdún 1952, ẹ̀tù tí ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ti ka ìtàn bí iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́nà púpọ̀, mo sì rí i pé àwọn tí ń sọ ọ́ sábà máa ń fo orúkọ ọkùnrin yìí, tàbí kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n sì yára kọjá. Àwọn kan fò ó nítorí pé kò gba oyè yunifásítì kankan. Àwọn mìíràn fò ó nítorí ẹ̀sìn tí ó ń ṣe. Àwa tí a ń kọ́ nípa oríkì mọ̀ pé akéwì kì í fi àléébù ọba pamọ́ tán pátá. A máa gbé e sí àárín ìyìn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní ìlú Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California. Marvel Whiteside Parsons ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Marvel náà ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Kò pẹ́ tí tọkọtaya náà fi kọ ara wọn sílẹ̀, ìyá rẹ̀, Ruth, sì yí orúkọ ọmọ padà sí John. Jack ni gbogbo ayé wá ń pè é. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni ó dàgbà sí, ní òpópó Orange Grove ní ìlú Pasadena, níbi tí àwọn olówó ńlá kọ́lé sí. Ọmọ ọlọ́lá ni, òun nìkan sì ni ọmọ ìyá rẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ nípa ìrìn àjò sí inú òṣùpá ni ó fi ń ṣe ọ̀rẹ́.

Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ tó lágbára jù ú a máa yọ ọ́ lẹ́nu, títí ọmọ kan tí ń jẹ́ Edward Forman fi gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tálákà ni Forman, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ irin. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ àtàtà. Ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá àgbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké ní nǹkan bí ọdún 1928, ẹ̀tù dúdú irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń rọ sínú ṣakabùlà ni wọ́n sì ń lò. Forman ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n po gúlù mọ́ ẹ̀tù náà kí ó lè dì mú ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gúlù yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Èmi náà ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wà lọ́mọdé, orí ìṣáná ni a máa ń ha jọ láti fi ṣe ohun tí ń dún gbàmù nígbà ọdún Kérésìmesì. Lọ́dún kan, ó bú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kí ó tó fi í sílẹ̀. Àpá náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fi ìtàn Parsons ṣe ẹ̀rín bí àwọn kan ti ń ṣe.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, owó ẹbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bàbá àgbà sì kú ní ọdún 1931. Parsons wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Hercules Powder, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀tù àti oríṣiríṣi ohun abúgbàù. Ibẹ̀ gan-an ni yunifásítì rẹ̀. Ó gbìyànjú láti kàwé síwájú, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́. Ní ọdún 1935 ó fẹ́ Helen Northrup, ó sì ń ná nínú owó oṣù rẹ̀ sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún yẹn kan náà ni òun àti Forman gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ̀rọ̀ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Caltech, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Pasadena. Wọ́n lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti júwe Frank Malina fún wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò dunjú. Bí àwọn mẹ́ta náà ṣe pàdé nìyẹn: Malina ń ṣírò, Forman ń rọ irin, Parsons ń po ẹ̀tù. Igi kan kì í dágbó ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá dárúkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wò ó bí ẹni tí ń sọ àlọ́. Theodore von Kármán, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ òfuurufú níbẹ̀, ni ó gbà wọ́n láyè. Kò fún wọn lówó, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n máa lo yàrá iṣẹ́. Méjì nínú àwọn mẹ́ta yìí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Caltech rárá! Mo máa ń ronú lórí èyí: yunifásítì mélòó ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọkùnrin méjì tí ń bọ̀ láti ìta láìní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́?

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1936, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ lọ sí odò gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Arroyo Seco. (Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ní mọ́tò, ṣùgbọ́n mọ́tò tiwa ní táyà, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ni n ó máa pè é.) Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbìyànjú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹrin, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń gbà kọjá gbiná, ó sì ń nà káàkiri ilẹ̀ bí ejò, gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kẹ́míkà kan dà nù lọ́wọ́ wọn nínú ilé ẹ̀kọ́, ó sì mú kí irinṣẹ́ tó wà nítòsí dípẹtà. Ìgbà náà ni wọ́n lé wọn jáde, àwọn ènìyàn sì fún wọn ní orúkọ ẹ̀fẹ̀: Ẹgbẹ́ Apara-ẹni.

Ní ọdún 1938, orúkọ Parsons jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Los Angeles pé ó ri bọ́ǹbù mọ́ ọkọ̀ ọkùnrin kan tí ń tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ wọn. Parsons, ọmọ ọdún 23, ni ilé ẹjọ́ pè láti wá ṣàlàyé irú bọ́ǹbù tó jẹ́. Ó ṣe irú rẹ̀, ó fi hàn bí ó ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ kò béèrè oyè.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó mú kí ẹ̀tù rọ́kẹ́ẹ̀tì le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù inú ìbọn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ń jó tán, a sì ti yin ọta. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀tù máa jó díẹ̀díẹ̀, kí gáàsì gbígbóná máa tú jáde láti ẹnu ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n kan náà, kí ó lè máa ti ẹ́ńjìnnì síwájú. Ojú ẹ̀tù nìkan ni iná sì ń jẹ. Bí ojú tí iná ń jẹ bá fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, gáàsì á pọ̀ ju ohun tí ẹnu ẹ́ńjìnnì lè tú jáde, irin á sì bẹ́. Ìṣòro Parsons nìyí. Ẹ̀tù tí ó ń kì mọ́lẹ̀ sínú irin máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí ó bá kì í. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí oòrùn pa á tí òtútù mú un, ẹ̀tù náà á là, tàbí kí ó ṣí kúrò lára irin. Bí iná bá dé ibi tí ó ti là, ó ti rí ojú tuntun jẹ nìyẹn. Gbàmù!

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti ìjọba. Àwọn ológun òfuurufú ń wá ohun tí yóò ran ọkọ̀ òfuurufú tó wúwo lọ́wọ́ láti gbéra ní pápá kékeré. Ní ọdún 1939, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ náà ní 1,000 dọ́là, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní 10,000. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá: nítorí pé ọ̀rọ̀ náà rọ́kẹ́ẹ̀tì ti di ohun yẹ̀yẹ́, jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú orúkọ iṣẹ́ náà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó dà bí bí àwọn àgbà wa kì í ti í pe ejò lórúkọ lóru, tí wọ́n ń pè é ní okùn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, ní pápá March Field, Ọ̀gágun Homer Boushey jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí ń jẹ́ Ercoupe, tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì Parsons mọ́ lábẹ́ apá. Wọn kò jẹ́ kí ẹ̀tù pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó yìn ín, nítorí wọ́n mọ ohun tí ìpamọ́ ń fà. Ọkọ̀ náà gbéra ní kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà wọ́n tilẹ̀ yọ abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrò, rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó sì gbé e kúrò nílẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi Parsons. Ogun kò ní dúró de ẹni tí yóò máa po ẹ̀tù tuntun ní àràárọ̀. Ohun tí a lè kó sínú ọkọ̀ ojú omi, tí a ó gbé gba inú oòrùn àti òtútù kọjá, tí yóò sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀, ni àwọn ológun ń fẹ́.

Ibi tí gúlù ọjọ́ ọmọdé ti padà wá nìyí. Ní ọdún 1942, Parsons pa ẹ̀tù dúdú tì pátápátá. Ó mú ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n ń dà sí títì àti sórí òrùlé, ó yọ́ ọ lórí iná, ó sì po ìyẹ̀fun kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ potassium perchlorate mọ́ ọn. Àwọn kan sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń da ọ̀dà sórí òrùlé ni ó rí tí èrò náà fi wá sí i lọ́kàn. Àwọn mìíràn ní ìtàn iná tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ fi ń jagun ni ó ń rò. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ọgbọ́n ńlá ni. Kẹ́míkà náà ni ó ń mú ọ́síjìn wá, nítorí inú irin tí a ti dé pa, iná kò lè rí afẹ́fẹ́ ìta fi jó. Ọ̀dà ni igi ìdáná, ọ̀dà náà sì tún ni gúlù. Kò sí pé à ń kì í mọ́. Bí ẹni ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́ ni wọ́n ṣe ń dà á sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá tutù, ó ti lẹ̀ mọ́ ara irin, ó ti di odindi kan. Malina àti von Kármán ti fi ìṣirò hàn tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ máa jó ní ìwọ̀n kan náà títí yóò fi tán, bí ẹnu ẹ́ńjìnnì bá bá ojú tí iná ń jẹ mu. Nígbà tí wọ́n yìn ín, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. GALCIT 53 ni wọ́n sọ ẹ̀tù náà.

Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ fún mi pé ohun tó ya àwọn lẹ́nu jù ni bí ó ti rọrùn tó. Ṣé kò sí ọ̀dà ní gbogbo ìlú tẹ́lẹ̀ ni?

Ní oṣù kẹta ọdún 1942 kan náà ni Parsons, Forman, Malina, von Kármán àti àwọn mìíràn dá ilé iṣẹ́ Aerojet sílẹ̀ láti máa ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí fún ológun. Iṣẹ́ wọn ní Caltech ni ó sì di ilé ìwádìí JPL ní ọdún 1944, èyí tí ó rán ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ sí àwọn ayé mìíràn lẹ́yìn náà. Bí ọmọkùnrin ẹ̀yìnkùlé náà ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ èyí tí àwọn ènìyàn ń fò. Ní ọdún 1941, Parsons àti ìyàwó rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ awo kan tí ń tẹ̀ lé ẹ̀sìn Thelema, èyí tí Aleister Crowley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ilé ńlá kan ní Orange Grove, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì kó wá síbẹ̀. Kò pẹ́ tí Parsons fi di olórí wọn. Inú ẹgbẹ́ náà ni ìgbéyàwó òun àti Helen ti dàrú, tí ó wá ń fẹ́ Sara, àbúrò Helen. Èyí kò dára lójú tèmi, n kò sì ní pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ẹni tí ń rọ ẹ̀tù lọ́sàn-án kò fi lè máa bọ nǹkan lálẹ́. Àgbẹ̀dẹ wo ní ilẹ̀ wa ni kò bọ Ògún rí? Àwọn tí ń sọ pé ẹ̀sìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó jẹ́ onímọ̀ gidi, kí wọ́n sọ fún mi ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti kùnà.

Ohun tó kan iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú. Bí Aerojet ti ń di ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn tó fẹ́ra owó sínú rẹ̀ kò fẹ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Ní ọdún 1944, òun àti Forman ta ìpín tiwọn, wọ́n sì jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ó dì í mú ni, olówó gidi ni ì bá dà. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó kó lé òwò ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú Sara àti L. Ron Hubbard, ẹni tí ó dá ẹ̀sìn Scientology sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1946, ó di dandan kí ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Florida kí ó tó rí díẹ̀ gbà nínú owó náà. Sara kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún yẹn náà ni ó fẹ́ Marjorie Cameron, ayàwòrán.

Ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fura sí gbogbo ènìyàn ni ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1948 wọ́n gba ìwé àṣẹ tí ó fi ń bá ológun ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá a padà fún un, ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Hughes; ṣùgbọ́n ní ọdún 1950 ó kó àwọn ìwé kan jáde níbẹ̀ láti fi múra iṣẹ́ tí ó fẹ́ lọ ṣe ní Ísírẹ́lì. Ẹ̀bi rẹ̀ ni èyí, a kò lè dá a sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Wọn kò fi í sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ní ọdún 1952 wọ́n gba ìwé àṣẹ náà títí láé. Ọkùnrin tí ẹ̀tù rẹ̀ gbé ọkọ̀ òfuurufú kúrò nílẹ̀ wá ń ṣe ohun abúgbàù fún àwọn tó ń ya sinimá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1952, òun àti Cameron ti di ẹrù láti lọ sí Mẹ́síkò. Iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ kan fún sinimá ló kù tí ó fẹ́ parí nínú yàrá iṣẹ́ tó wà nílé tí wọ́n ń gbé. Ohun kan bú níbẹ̀, ilé náà sì wó lé e lórí. Kò tó wákàtí kan tí ó fi kú ní ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún 37 ni. Àwọn ọlọ́pàá ní kẹ́míkà ni ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kò gbà, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń jiyàn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó gbé oògùn oorun jẹ, òun náà sì kú lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo ka èyí, Ṣàngó ni mo rántí. Àwọn òpìtàn wa sọ pé ọba Ọ̀yọ́ náà gun òkè lọ dán oògùn àrá wò, àrá náà sì sán lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó pa aya, ó pa ọmọ. Olùkọ́ wa kan máa ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má máa fi ìtàn ilẹ̀ kan wọn ti ilẹ̀ mìíràn. Mo gbọ́. Síbẹ̀ Ṣàngó ni mo rántí.

Ẹ̀tù Parsons kò dúró síbi tí ó fi í sí. Ọ̀dà ní àléébù tirẹ̀: bí ooru bá mú un jù, á rọ̀; bí òtútù bá mú un jù, á là. Charles Bartley ní JPL ni ó fi rọ́bà àtọwọ́dá rọ́pò ọ̀dà lẹ́yìn ogun, ammonium perchlorate sì gba ipò kẹ́míkà ti àkọ́kọ́. Irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi lúbúlúbú aluminium kún, ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ńlá méjì tí ń gbé ọkọ̀ Space Shuttle gbéra láti ọdún 1981 sí 2011.

Ó sì tún wà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeré lónìí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́, mẹkáníìkì àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó ara wọn jọ ní aṣálẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ láti yin rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ga ju ènìyàn lọ. Lẹ́tà ábídí ni wọ́n fi ń mọ agbára ẹ́ńjìnnì: agbára tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè ní jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tí yóò bá sì lo H sókè gbọ́dọ̀ yege ìdánwò ẹgbẹ́ kí wọ́n tó tà á fún un. Wọn kì í po ẹ̀tù ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé iṣẹ́ ni ó sábà máa ń ṣe é, wọ́n sì máa ń jìnnà réré kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Fún ọdún púpọ̀ ni ìjọba fi ka ẹ̀tù wọn mọ́ ohun abúgbàù bí ti bọ́ǹbù. Àwọn ẹgbẹ́ náà pe ìjọba lẹ́jọ́, ní ọdún 2009 sì ni ilé ẹjọ́ kan ní Washington dá wọn láre, nítorí pé ẹ̀tù náà ń jó ni, kì í bú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé fi orúkọ Parsons pe kòtò ńlá kan nínú òṣùpá. Ẹ̀yìn òṣùpá ni kòtò náà wà, ní ìhà tí kì í kọjú sí wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kí ó wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì.